Èjìdé àti Ìjókòó Kejì

Ìyá Èjìdé kò fi ọ̀rọ̀ náà pa òwe rárá. Ọkọ̀ ojú irin ti fọn fèrè ní Atakpamé, èéfín ti bo gbogbo ibùdó, síbẹ̀ ìyá na ọwọ́ gba ojú fèrèsé wọlé, ó gbá ọrùn ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

"Àwòrán yẹn ni o, Èjìdé. Ní Sátidé àkọ́kọ́ tí wọ́n bá jẹ́ kí o jáde. Bí Àkàndé olóbì bá ti Lomé dé lọ́jọ́ Ajé tí kò mú un wá, kí o ti di ẹrù rẹ sílẹ̀ o, torí èmi gan-an ni mo máa wọkọ̀ wá mú ẹ lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Mi ò ní í fi ọmọ kan ṣoṣo tó kù mí kù sílẹ̀ létí òkun, nígbà tí èkejì rẹ̀ ò ríbi jókòó."

Ọkọ̀ ṣí. Ìyá ń sá tẹ̀ lé e, ó ń juwọ́, ó tún ń fi ìka kan halẹ̀ mọ́ ọn.

Ọdún 1951 nìyẹn, lóṣù kẹwàá. Èjìdé ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, àwọn ma sœur, àwọn sísítà Àgùdà, sì ti gbà á sílé ìwé wọn ní Lomé kó lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Nínú gbogbo ọmọbìnrin àdúgbò wọn, òun nìkan ló yege. Ẹ rò ó wò ná! Ọmọ tó ń fi iná ààrò kàwé, òun ló ń lọ jókòó láàrin àwọn ọmọ akọ̀wé ìjọba! Bí ìyá rẹ̀ bá wá fà á jáde lọ́sẹ̀ kejì, kò sí ilé ìwé tó tún máa ṣílẹ̀kùn fún un mọ́ láyé.

Ìbejì ni. Táyé ló kọ́kọ́ dé, Èjìdé tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Táyé lọ ṣẹ́gi. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, torí a kì í la ẹnu kí á ní ìbejì kú. Wọ́n gbẹ́ ère kékeré kan fún un, ìyá wọn ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fi osùn kùn ún, ó ń tẹ́ ẹ sùn, ara sì rọ gbogbo ilé. Àfi ìgbà tí bàbá di katikísì, tí fàdá wàásù kan tó gún un lọ́kàn, ló bá délé, ló gbé ère sínú iná. Láti ọjọ́ náà ni ìyá ti ń rí Táyé lójú àlá, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Níbo ni kí n jókòó sí?" Èjìdé ò lálàá ní tirẹ̀. Tirẹ̀ burú ju àlá lọ. Bó bá wà lóun nìkan, á máa gbọ́ èémí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, jẹ́jẹ́, bíi ti ẹni tó ń retí kí wọ́n sún fún òun.

Bàbá ò gbà kí igi gbígbẹ́ wọlé mọ́. Ṣùgbọ́n Àkàndé olóbì, tó ń fi ọkọ̀ ojú irin gbé obì lọ gbé obì bọ̀, ló sọ fún ìyá pé àwọn ayàwòrán kan wà ní Lomé tó lè mú ìbejì kan ṣoṣo kí wọ́n yà á ní méjì sínú àwòrán kan náà. Èyí tó wà láyé á jókòó tán fún ara rẹ̀, á tún jókòó fún èkejì. Wọ́n bi bàbá. Bàbá wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Ìwé ni àwòrán." Ó gbé Bíbélì rẹ̀, ó jáde.

Lọ́sàn-án Sátidé, àwọn ma sœur ṣí géètì. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, kí olúkúlùkù ti wọlé padà. Èjìdé kọrí sí ọjà ńlá, lọ́dọ̀ Àṣàbí, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó ń ta aṣọ. Monique ló mú un lọ, ọmọ Mina tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kan tirẹ̀, tó mọ Lomé bí ẹni mowó. Àwọn méjèèjì ń fi Faransé bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Àṣàbí rí i lókèèrè, ó pariwo láàrin aṣọ.

"Ha! Ọrùn ẹ ti gùn bíi ti lékeléke! Ṣé omi lásán ni àwọn obìnrin yẹn fi ń bọ́ yín ni?"

Èjìdé kúnlẹ̀. "Ẹ kú ọjà o, Màmá. Wọ́n ń fún wa lóúnjẹ, ma."

"Wọ́n ń fún yín lóúnjẹ, egungun rẹ ló ń jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ àwòrán yẹn, ìyá rẹ ti ránṣẹ́ sí mi. Má lọ bá àwọn ọmọ kéékèèké tó ń so táì mọ́rùn nídìí ẹ̀rọ o, wọn ò mọ ti ìbejì. Bàbá Ìgè ni kí o wá lọ sí Hanoukopé. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni bàbá rẹ̀, àwọn Jámánì ló kọ́ òun níṣẹ́. Àkàndé ń bọ̀ wá gba ẹrù rẹ̀ nílé mi lọ́la kó tó kírun ìrọ̀lẹ́. Tí kò bá bá àwòrán níbẹ̀, kò ní í dúró."

Wọ́n dé Hanoukopé, wọ́n bá àgádágodo lẹ́nu ilẹ̀kùn. Obìnrin tó ń lọ ata lójúde ní bàbá ti lọ ya àwòrán ìyàwó kan ní Avépozo, kí wọ́n padà wá lọ́la lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Èjìdé ṣì tẹjú mọ́ ilẹ̀kùn. Monique fà á lọ́wọ́.

"Jẹ́ ká lọ! Odidi ọ̀sán ló wà lọ́wọ́ wa. Ṣé ojú ilẹ̀kùn lo fẹ́ fi ṣèran wò ni?"

Ọ̀sán yẹn! Bí ẹsẹ̀ bá ń kọ̀wé, ìwé ńlá ni ẹsẹ̀ Èjìdé ìbá kọ lọ́jọ́ náà. Wọ́n gba òpópónà àwọn ilé ìtajà òyìnbó, níbi tí fìlà ti wà nínú dígí bí ẹni pé orí ló gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n yọjú wo ààfin gómìnà láti ẹ̀yìn ọgbà, títí ṣọ́jà fi fi àgbọ̀n lé wọn. Wọ́n wo afárá irin tó gùn wọ inú òkun lọ, tí àwọn ọkọ̀ òkun ń dúró fún lókèèrè, tí wọ́n ń fi apẹ̀rẹ̀ gbé èèyàn sọ̀kalẹ̀ bí ẹni ń gbé iṣu. Èjìdé ò rí òkun rí. Àwọn èèyàn ti sọ fún un pé ó tóbi, pé ó láriwo. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé òkun ń mí. Ó ń fà á sínú, ó dúró díẹ̀, ó tún ń tú u jáde. Èjìdé fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

"Àwọn Jámánì ló kọ́ èyí tó pọ̀ jù," Monique ń ṣàlàyé bí ẹni tó ni ìlú. "Ṣọ́ọ̀ṣì olórí méjì yẹn, àwọn ni. Ààfin, àwọn ni. Ogun lé wọn lọ, àwọn Faransé bá àga nílẹ̀, wọ́n jókòó."

Lára ògiri kan nítòsí etí òkun, ọ̀dà Faransé ti ń ṣí, lẹ́tà Jámánì sì ń yọjú lábẹ́ rẹ̀. Èjìdé dúró níwájú rẹ̀ pẹ́. Àwọn kan kọ́kọ́ dé, wọ́n tọ́ ibẹ̀ wò, wọ́n lọ. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé wọn, wọ́n jókòó sórí ìjókòó wọn. Ṣé àwọn tó lọ mọ̀? Ṣé wọ́n ń padà wá dúró lẹ́nu ọ̀nà?

Ibẹ̀ ni obìnrin kan tó ń din botokoin, àkàrà oníyẹ̀fun tí wọ́n ń jẹ ní Lomé, ti na ṣíbí sí i.

"Ìwọ ọmọ yìí, ẹsẹ̀ ẹ yá o! Ṣebí o ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iwájú mi kọjá lọ sétí òkun, báwo lo tún ṣe gba ẹ̀yìn mi yọ?"

Monique bú sẹ́rìn-ín. "Orí fífá, aṣọ kan náà! Lójú ìyá yìí, ìkòkò kan náà ni gbogbo wa."

Èjìdé rẹ́rìn-ín díẹ̀. Òótọ́ ni, gbogbo ọmọ ilé ìwé wọn ló ń fárí, gbogbo wọn ló ń wọ aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run. Wọ́n wọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá lọ. Òtútù ibẹ̀ mú bí omi àmù, ìmọ́lẹ̀ ń gba dígí aláràbarà wọlé. Èjìdé na ọwọ́ mú àbẹ́là kan. Bàbá arúgbó tó ń ṣọ́ wọn fi Mina sọ nǹkan, Monique sì túmọ̀ rẹ̀.

"Ó ní... ó ní o ti tan tìẹ. Ó ní kò tíì pẹ́. Ó ní èyí tó ń jó yẹn nìyẹn."

Àbẹ́là kan ń jó lóòótọ́, èyí tó ti yọ́ lára rẹ̀ kò tíì ju ìka kan lọ. Monique ò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Èjìdé, ṣé o ní arábìnrin ní Lomé ni?"

"Mo ní ọ̀kan. Ó lọ ṣẹ́gi."

Monique fi ọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú kíákíá. "Tiwa náà," ó wí jẹ́jẹ́, "bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ ọ́." Nígbà tí wọ́n ń padà, ó ra botokoin mẹ́ta, ó fún Èjìdé ní méjì.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, Àṣàbí ló jí i. "Kí ló dé tí o sùn sétí ẹní báyìí, tí o fi gbogbo àárín sílẹ̀? Ṣé ẹ pọ̀ ni?" Ó kàn ń ṣàwàdà ni, kò tilẹ̀ dúró gbọ́ èsì.

Nígbà tí òun àti Monique padà dé Hanoukopé, Bàbá Ìgè wà nílé. Arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, oògùn àwòrán ti sọ èékánná rẹ̀ di dúdú, ojú rẹ̀ kan sì máa ń dì fúnra rẹ̀ bí ẹni pé inú ẹ̀rọ ló ń wò títí ayé. Àjà yàrá iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ dígí, kí oòrùn lè wọlé. Ó wo Èjìdé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ìbejì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Èwo ni ìwọ?"

"Èmi ni Kẹ́hìndé, bàbá. Èjìdé ni wọ́n ń pè mí."

"Táyé á kọ́kọ́ jókòó nígbà náà. Òun ló kọ́kọ́ dé. Ṣùgbọ́n dúró ná, wo òkè."

Òkè ṣú. Òjò oṣù kẹwàá ti na ara rẹ̀ sórí Lomé bí ẹni tí kò níbi kankan láti lọ. Wọ́n jókòó, wọ́n ń retí oòrùn. Aago mọ́kànlá. Aago kan. Monique sùn lọ lórí àpótí. Èjìdé ń ka aago ara ògiri: wọ́n ní láti yà á, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí ó gbẹ, kí ó gbé e dé ilé Àṣàbí kí Àkàndé tó lọ, kí ó sì wọ géètì ní aago mẹ́fà.

"Bàbá, bí oòrùn ò bá yọ ńkọ́?"

"Kò tíì sí ọjọ́ tí kò yọ. Nígbà mìíràn ó máa ń fẹ́ kí wọ́n bẹ òun ni. Dígí tí mo fi ń ya àwòrán, ọ̀kan ṣoṣo ló sì kù sí mi lọ́wọ́ o, òmíràn ń bọ̀ nínú ọkọ̀ òkun lọ́jọ́bọ̀. Bí mo bá ní kí o má mira, àní bí eṣinṣin bá wọ imú rẹ, jẹ́ kó kọ́lé síbẹ̀."

Kété lẹ́yìn aago méjì, ìmọ́lẹ̀ já wálẹ̀. Bàbá Ìgè dìde fìrì bí ọmọ ogún ọdún! Ó gbé àga méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó fi pátákó dúdú bo ìdajì ẹnu ẹ̀rọ, ó ní kí Èjìdé lọ sórí àga òsì.

"Nísinsìnyí, Táyé ni ẹ́. Jókòó bí Táyé."

Báwo ni Táyé ṣe ń jókòó? Ọdún méje! Èjìdé rò pé òun ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì ká lọ sábẹ́ àga fúnra rẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ gbé sókè díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sórí itan bí ẹni tó ń gbá nǹkan kan mọ́ra. Ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù. Bàbá Ìgè ń ka oókan, eéjì, eéjìlá, Èjìdé ò mira rárá.

"Ó tó. Bọ́ sí ọ̀tún. Ìwọ fúnra rẹ ló kù."

Ó yí pátákó sí ìdajì kejì. Èjìdé jókòó sórí àga ọ̀tún, ó tẹjú mọ́ ẹ̀rọ. Bàbá ń kà. Oókan. Eéjì. Ẹẹ́ta. Lórí àga tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò, tí kò sẹ́ni kankan níbẹ̀, ó gbọ́ èémí. Kì í ṣe ti ẹni tó ń dúró mọ́. Ti ẹni tó jókòó tán ni, tí ara rẹ̀ ti balẹ̀.

Èjìdé yíjú wò ó.

"Ta ló pè ẹ́?" Bàbá Ìgè dẹ́kun kíkà.

"Kò sẹ́ni, bàbá."

"Kò sẹ́ni, orí sì yí." Ó bo ẹ̀rọ, ó wọ yàrá òkùnkùn lọ láìtún sọ̀rọ̀.

Nígbà tó jáde, aago mẹ́rin ààbọ̀ ti lù. Ìwé àwòrán náà ṣì tutù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e sórí tábìlì, ó sì bọ́ sẹ́yìn.

Lápá òsì, ọmọbìnrin kan jókòó, ó mọ́ kedere débi tí wọ́n lè ka bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín múṣẹ́. Èjìdé mọ̀ dájú pé òun ò rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ọrùn rẹ̀ gùn, ojú rẹ̀ le. Táyé tí wọ́n mọ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ti ń dàgbà níbi tó wà, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni!

Lápá ọ̀tún, aṣọ ilé ìwé kan jókòó, ọwọ́ méjì wà níbẹ̀, etí kan sì wà. Kò sí ojú. Níbi tó yẹ kí ojú wà, funfun kan léfòó bí ọ̀rá lójú omi.

Monique yọjú lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Mon Dieu."

"A lè tún un yà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀," ni bàbá wí. "Mi ò ní í gba kọ́bọ̀."

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀! Lọ́jọ́ Ọjọ́rú ni ìyá ń bọ̀ bí kò bá rí àwòrán. Bó bá sì rí èyí, tó rí i pé Táyé ló mọ́ kedere, tí ọmọ tó wà láyé ò lójú, kò ní í dúró de Ọjọ́rú gan-an, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn dé Lomé. Èjìdé rí ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń padà sókè, ìwé rẹ̀ nínú àpótí, ọkọ kan tí wọ́n ti wá sílẹ̀ fún un.

Bàbá Ìgè ti ki kálàmù bọ inú inki funfun. Bó ṣe máa ń ṣe é nìyẹn fún ìbejì, á kọ orúkọ sábẹ́ olúkúlùkù, kí ìyá má bàa ṣi ọ̀kan kì fún èkejì.

"Táyé ló wà lósì," ó ń sọ ọ́ bó ṣe ń tẹ̀ ba.

"Rárá, bàbá."

Kálàmù dúró.

"Ọ̀tún ni Táyé." Èjìdé nàka sí i. "Èmi ni mo wà lósì."

Bàbá Ìgè gbójú sókè. Ojú rẹ̀ tó máa ń dì ṣí sílẹ̀ gbàgbà. "Ọmọ mi, ọwọ́ mi yìí ni mo fi bo ẹnu ẹ̀rọ. Ẹnu mi yìí ni mo fi ní kí Táyé kọ́kọ́ jókòó."

Èjìdé kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá. Wọ́n máa mú mi kúrò nílé ìwé."

Arúgbó náà tún ki kálàmù bọ inú inki. Lójúde, obìnrin kan ń ké pe ewúrẹ́ rẹ̀.

"Èmi kì í ṣe ẹni tó ń pín orúkọ. Ohun tí ẹ bá ní kí n kọ ni mo máa ń kọ. Àmọ́ orúkọ tí inki bá ti mú, omi kì í ṣí i o. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, bàbá."

Ó kọ Èjìdé sábẹ́ ẹ̀rín yẹn. Ó kọ Táyé sábẹ́ ẹni tí kò lójú. Lórí àga òsì tó ṣófo lẹ́yìn wọn, nǹkan kan dún kẹ́rẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá dìde.

Wọ́n sáré! Àwọn ọmọbìnrin méjì tó ń gbé aṣọ wọn sókè la àárín Lomé kọjá, ajá ń gbó wọn, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń bú wọn. Wọ́n bá Àkàndé lẹ́nu ọ̀nà Àṣàbí ní Anagokomé, ó ti gbé apẹ̀rẹ̀ obì rẹ̀ lérí. Ó wo àwòrán, ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì mà lẹ́wà o!" ó sì tọ́jú rẹ̀ sínú agbádá. Nígbà tí aago ṣọ́ọ̀ṣì lu mẹ́fà, Èjìdé ti wà nínú géètì.

Ọjọ́rú dé, ìyá ò wá. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Àkàndé ti padà, ó jókòó ní gbọ̀ngàn Àṣàbí, ó ń jíṣẹ́.

"Ìyá ẹ kí ẹ títí. Ó ní òun rí ẹ, o ń rẹ́rìn-ín, ara ẹ dá ṣáṣá, kí o jókòó síbẹ̀ kí o kàwé bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó ní ti Táyé náà dára. Ó ní ẹni tó bá lọ ṣẹ́gi, ojú rẹ̀ kì í hàn tán. Ó ti gbé ẹ̀wà síwájú rẹ̀. Ó ní kò tún wá dúró lẹ́nu ọ̀nà lójú àlá mọ́."

Àṣàbí pàtẹ́wọ́. Èjìdé náà pàtẹ́wọ́.

Ó kàwé náà, ó kà á yanjú. Ó ṣe olùkọ́ ní Lomé títí àwọn ọmọ tó kọ́ fi ń mú ọmọ tiwọn wá bá a. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ yẹn, ó di pé nígbà mìíràn, bó bá jókòó ti àwo oúnjẹ nílé ìwé, kó tó bu òkèlè kan, yóò ti yó. Adùn ẹ̀wà àti epo á wà lẹ́nu rẹ̀. Kò gbọ́ èémí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà tóbi ju òkun lọ.

Nígbà Kérésìmesì ọdún yẹn, wọ́n fún wọn láyè, ó padà sí Atakpamé. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń gbálẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ nínú yàrá, ohùn jẹ́jẹ́ tí wọ́n fi ń bá ọmọ kékeré sọ̀rọ̀. Fèrèsé ṣí sílẹ̀. Àwòrán wà lára ògiri, àwo wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, ìka ìyá sì wà lórí ẹni tí kò lójú.

"Táyé, ọmọ mi, wá jẹun."

"Ẹ ṣé, Màmá," Èjìdé dáhùn láti ìta, kó tó mọ̀ pé òun la ẹnu.

Ìyá kò wẹ̀yìn. Ó rọra yọ ìka rẹ̀ kúrò lórí àwòrán, ó ní, "Ó gbọ́."